Láti Òṣogbo lọ sí Salvador ní Bràsíl: kí ni ó yẹ kí ẹni tí ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ̀?

Ọmọ Alékúwodò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Alékúwodò níhìn-ín ní Òṣogbo ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni mo sì ń ṣe. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí oṣù Kẹjọ bá ti dé, tí ọdún Ọ̀ṣun sì kàn, àwọn àlejò láti Bràsíl a máa wà lára èrò tí ń tẹ̀lé Arugbá lọ sí ojúbọ, tí wọ́n á wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n á sì máa kọ orin tí a gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ tí a kò gbọ́ ìyókù. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí kí èmi náà lọ sí ọ̀dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ní báyìí, owó tí mo ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ọ̀gá mi sì ti ṣèlérí pé òun yóò fọwọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì fún mi.

Yàtọ̀ sí Kútọnu, n kò tíì jáde kúrò ní Nàìjíríà rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni pé, ṣé Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia nìkan ni kí n dúró sí, àbí kí n pín ọ̀sẹ̀ méjì náà sí ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin? Oṣù wo ni ó dára jù? Báwo ni ètò físà ti rí fún ẹni tí ó ń gbé Òṣogbo? Èyí tí ó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn ilé òrìṣà wọn. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ìdílé ọlọ́ṣun ni bàbá mi ti wá, n kò sì fẹ́ ṣe ohun tí yóò dójú ti ìlú tí mo ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìmọ̀ràn dù mí.

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ọmọ mi, inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, bí owó ìrìn àjò bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Dubai tàbí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń sáré lọ. Mo ti ru ọjà àdìrẹ dé Salvador, mo sì ti padà lọ síbẹ̀ láìgbé ọjà dání, kí n kàn lè rìn kí n sì wò. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ìlú kan ni kí o dì mú. Ilẹ̀ Bràsíl ju ìlọ́po mẹ́sàn-án ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, bàálù tí ó bá gbéra ní São Paulo yóò sì lò ju wákàtí méjì lọ lójú òfurufú kí ó tó dé Salvador. Ẹni tí ó bá pín ọ̀sẹ̀ méjì sí ìlú mẹ́rin, pápákọ̀ òfurufú ni yóò mọ̀ jù. Salvador tó í wò fúnra rẹ̀. Àwọn Pọtogí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1549, òun sì ni olú-ìlú Bràsíl títí di 1763 tí wọ́n fi gbé e lọ sí Rio de Janeiro. Apá kan ìlú náà wà lórí òkè, apá kejì wà létí omi, ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ni ó so méjèèjì pọ̀. Láti 1873 ni ó ti ń gbé èèyàn, gíga rẹ̀ sì tó mítà 72. Bí o bá ti gùn ún dé òkè, ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn dé Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1985, bí wọ́n ti kọ igbó Ọ̀ṣun tiwa náà mọ́ ọn ní 2005. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ tí wọ́n fi ń nà án ní gbangba wà ní àdúgbò yẹn nígbà kan rí. Máa rántí èyí bí o bá ń ya fọ́tò àwọn ilé tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni ìjọ Àgùdà kan wà, Rosário dos Pretos, tí àwọn ẹrú àti àwọn adúláwọ̀ tí ó ti gba òmìnira fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlù ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn níbẹ̀. Níwọ̀n bí o ti jẹ́ onígbàgbọ́, ibẹ̀ ni kí o ti kọ́kọ́ jókòó, kí o gbọ́ bí wọ́n ti ń lu ìlù fún Olúwa.

Oúnjẹ kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwọ yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó ní ìkóríta, tí wọ́n wé gèlè, tí wọ́n wọ yẹ̀rì aláṣọ léèsì funfun gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa. Ẹ̀wà ni, àlùbọ́sà ni, iyọ̀ ni. Tiwọn tóbi ju tiwa lọ, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á sì fi edé gbígbẹ, ata àti ọbẹ̀ kan tí wọ́n fi búrẹ́dì, àgbọn àti ẹ̀pà ṣe há a nínú. Abará wà pẹ̀lú, tí ó jẹ́ ẹ̀wà kan náà tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tí a sì sè bí ọ̀ọ̀lẹ̀. Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn aláàkàrà yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Mo máa ń rò ó nígbà gbogbo pé àwọn aláàkàrà tiwa náà yẹ fún irú iyì bẹ́ẹ̀.

Ní ti oṣù, oṣù Kẹrin sí Keje ni òjò pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà yẹra fún wọn. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni oòrùn ń ràn tí ọdún sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ ni, má lọ ní ọ̀sẹ̀ Carnival, ọdún ijó àti orin ìgboro wọn, gan-an: owó ilé ìtura a máa lọ sókè kọjá àlà, èrò kò sì ní jẹ́ kí o rí ìlú náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ìyá wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìlú kan péré ni ó yẹ kí èèyàn rí lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí. Ta ni ó mọ ìgbà tí owó bẹ́ẹ̀ yóò tún pé? Ère Jésù tí ó dúró lórí òkè Corcovado ní Rio, tí wọ́n parí ní 1931, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30 láìka ibi tí ó dúró lé, gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀sọ̀rọ̀ omi Iguaçu ní ẹnubodè Bràsíl pẹ̀lú Ajẹntínà náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dé Bràsíl tí kò rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, n kò mọ ohun tí yóò sọ fún àwọn ará ilé nígbà tí ó bá dé.

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Yóò sọ fún wọn pé òun mọ Salvador. Ọmọ mi ọkùnrin, n kò bu ẹnu àtẹ́ lu Rio. Àwòrán rẹ̀ ni mo sọ pé ó ti wà lójú gbogbo wa kí a tó lọ. Ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ohun tí ó ń fà á lọ: àwọn tí ń wá bá wa ṣe ọdún ni ó fẹ́ lọ bẹ̀ wò. Bahia ni wọ́n wà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ayétòrò

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, nítorí pé ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni. Tí àbúrò wa bá fẹ́ ya Rio wò fún ọjọ́ méjì nítorí pé bàálù rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kò burú, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nítorí Valongo. Èbúté tí wọ́n kọ́ ní 1811 ni, àwọn òpìtàn sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 900,000 ọmọ Áfíríkà ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, títí di 2011 tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún etí òkun ṣe fi hú u jáde. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ní 2017. Òkúta lásán ni ojú rẹ̀ yóò rí níbẹ̀, tí ó bá sì mọ ohun tí òkúta náà gbé lórí, ó tó.

Ṣùgbọ́n Bahia ni ó kan àwa gan-an. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4.8 ọmọ Áfíríkà ni wọ́n kó dé Bràsíl láàárín ọ̀rúndún mẹ́ta ó lé, ó sì ju ti orílẹ̀-èdè mìíràn lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn ti ilẹ̀ Yorùbá kò pọ̀ nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, tí ogun ń jó ilẹ̀ wa láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n ń kó wọn gba Wídà, Àjàṣẹ́ àti Èkó lọ sí Salvador. Àwa ará Òṣogbo máa ń fi ìgbéraga sọ ogun tí Ìbàdàn fi lé àwọn ará Ìlọrin sẹ́yìn ní ilẹ̀ wa ní nǹkan bí 1840. Ó yẹ kí a fi kún un pé ní ọdún yẹn gan-an, ọkọ̀ ẹrú ṣì ń lọ sí Bahia, àwọn tí irú ogun bẹ́ẹ̀ mú lẹ́rú sì wà lára àwọn tí wọ́n ń kó. Ìgbà tí ó di 1850 ni Bràsíl tó ṣe òfin tí ó fòpin sí kíkó ẹrú wọ ibẹ̀, ẹrú sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1888. Àwọn kan ra ara wọn padà, wọ́n sì padà wá sílé. Àwọn ni baba ńlá àwọn Àgùdà tí ó wà ní Pópó Àgùdà ní Èkó.

Mo sọ èyí kí àbúrò wa lè mọ irú ojú tí yóò fi wo ìlú náà. Àwọn tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá tí a tà, tí wọ́n sì kọ́ ilé ara wọn láìsí ìrànlọ́wọ́ wa.

Agbaninímọ̀ràn Ìrìn Àjò, Ọláìyá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé, nítorí pé òun ni ó ń da ọ̀pọ̀ ìrìn àjò rú.

Ẹ kọ́kọ́ wo páásípọ́ọ̀tù yín. Bí ọjọ́ tí ó kù nínú rẹ̀ kò bá tó oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ tí ẹ ó padà, ẹ lọ tún un ṣe ní ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n tí ó wà níhìn-ín ní Òṣogbo. Ẹ kò nílò láti lọ sí Èkó nítorí ìyẹn. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kí ó tó wọ Bràsíl. Ilé iṣẹ́ aṣojú wọn wà ní Àbújá, ti kọ́ńsúlù sì wà ní Èkó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà ni ẹ ó kó ìwé lọ: àkọsílẹ̀ owó tí ń wọlé tí ó sì ń jáde ní báńkì yín, ẹ̀rí ibi tí ẹ ó dé sí, ètò bàálù àlọ àti àbọ̀, àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ yín pé wọ́n fún yín ní ìsinmi àti pé wọ́n ń retí yín padà. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba, lẹ́tà yìí lágbára púpọ̀. Ẹ má san gbogbo owó bàálù kí físà tó jáde. Ẹ gba irú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè bá yín dì mú fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òun mọ ẹni tí yóò bá yín tẹ físà jáde láìlo ìwé, ẹ dìde lọ sílé.

Ọ̀nà tí bàálù yóò gbà ṣe pàtàkì ju iye owó rẹ̀ lọ. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí ó gba Yúróòpù kọjá, láìmọ̀ pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà ìkọjá ní pápákọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, bí wọn kò tilẹ̀ jáde síta. Bí ẹ bá gba Addis Ababa, tí ẹ kò sì jáde kúrò nínú pápákọ̀, ẹ kò nílò irú èyí, bàálù sì ń ti ibẹ̀ lọ sí São Paulo. Òtítọ́ ni pé ìlà-oòrùn ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń rẹni. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà wà níbẹ̀. Ẹ gbà á ní ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó gbéra, ní ibi tí ìjọba fọwọ́ sí, kí wọ́n sì fún yín ní yẹ́lò káàdì gidi. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá gbà á ti tó fún gbogbo ayé yín.

Alfa Kékeré, Ìta Olókan

As-salaamu alaykum. Mo fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó sì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé onígbàgbọ́ àti aborìṣà nìkan ni wọ́n kó lọ sí Bahia. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, nínú oṣù Ramadan, àwọn Mùsùlùmí tí ó jẹ́ ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira dìde ogun ní ìgboro Salvador láti gba ara wọn sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kò borí: ọ̀pọ̀ ni wọ́n pa ní ojú pópó ní òru náà, wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n na àwọn mìíràn ní pàṣán, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sí Áfíríkà. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní èdè Lárúbáwá, tí àwọn ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ wọn, ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia di òní olónìí. Ẹni tí ó bá ti Òṣogbo lọ, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ tó báyìí, kò yẹ kí ó rìn kọjá ní àdúgbò wọ̀nyẹn láìmọ̀ èyí.

Ìbéèrè tèmi ni pé, ǹjẹ́ ibi ìrun wà níbẹ̀, ṣé Mùsùlùmí sì lè rí oúnjẹ jẹ?

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Wa alaykum salaam, Alfa. Mọ́ṣáláṣí wà ní Salvador. Ẹja àti edé ni wọ́n fi ń se ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ níbẹ̀. Moqueca tí wọ́n ń fi epo pupa, àgbọn àti tòmátì sè tó èèyàn í jẹ fún gbogbo ìgbà tí yóò fi wà níbẹ̀. Feijoada, ẹ̀wà sísè wọn, ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà

Mo gbọ́ ohun tí Bàbá Olùkọ́ sọ, mo sì gbà pé fún ẹni tí ó béèrè yìí, Bahia ni. Ọ̀rọ̀ owó àti ààbò ni ó kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Real ni owó tí wọ́n ń ná. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì náírà. Ẹ gba káàdì àkáǹtì dọ́là, kí ẹ sì mú dọ́là díẹ̀ dání tí ẹ ó pààrọ̀. Káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀, kódà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta omi àgbọn. Pix, ètò ìsanwó orí fóònù tí báńkì àpapọ̀ wọn gbé jáde ní 2020, ni àwọn fúnra wọn ń lò jù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àkáǹtì níbẹ̀ ni ó wà fún, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí owó pépà tán lọ́wọ́ yín. Fóònù ni àwọn olè ń wá. Ẹ má mú un dání ní òpópónà tí èrò kò sí, ẹ má sì rìn wọ àwọn ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn Pelourinho lálẹ́; ẹ pe ọkọ̀ Uber láti ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà.

Èdè Pọtogí ni gbogbo wọn ń sọ, àwọn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀. Nínú ènìyàn márùn-ún ní Salvador, ó ju mẹ́rin lọ tí ó jẹ́ adúláwọ̀ tàbí àdàlù, nítorí náà wọn kò ní mọ̀ pé àlejò ni yín títí ẹ ó fi la ẹnu. Ẹ fi ètò ìtumọ̀ Google sórí fóònù yín, irú èyí tí ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa.

Ọmọ Awo Ọ̀ṣun

Mo kí ilé, mo kí ọ̀nà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò wa ṣe ni pé, bí ó bá dé ilé òrìṣà wọn, kí ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ń ṣe tí kò rí bẹ́ẹ̀ nílé. Mo ti bá wọn ṣe ọdún ní ojúbọ wa, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà pọ̀ mọ́ òrìṣà. Wọ́n ní Santa Bárbara ni Ọya, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá. Wọ́n tún máa ń pe ohùn orin náà ní ọ̀nà tí ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tí ó ti ìdílé ọlọ́ṣun ní Òṣogbo wá ní ẹ̀tọ́ láti tọ́ wọn sọ́nà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ayétòrò

Awo, mo bọ̀wọ̀ fún ipò rẹ, ṣùgbọ́n èyí ni mo fẹ́ kí àbúrò wa yẹra fún ju gbogbo ohun mìíràn lọ.

Jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n là kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọlọ́pàá fi ń ya wọ ilé òrìṣà ní Bahia, tí wọ́n ń kó ìlù lọ, tí wọ́n ń ti àwọn ìyálórìṣà mọ́lé. Títí di oṣù Kìn-ín-ní 1976 gan-an, ilé òrìṣà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó lè lu ìlù. Àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà tí o ń wí yẹn, àbò ni wọ́n jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn ní ìgbà ìnira. Nígbà tí ìnira sì dínkù, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ̀rọ̀: ní 1983, Mãe Stella ti ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá àti Mãe Menininha ti ilé òrìṣà Gantois wà lára àwọn ìyálórìṣà tí wọ́n kọ̀wé ní gbangba pé òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ ìjọ, àti pé ẹ̀sìn àwọn dá dúró. Ẹnikẹ́ni kò ti Òṣogbo lọ kọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan kan wà lọ́wọ́ wọn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ilé tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, tí ó wà lára àwọn tí ó pẹ́ jù ní Salvador, ń jẹ́ orúkọ Ìyá Nàsó, oyè ẹni tí ń bọ Ṣàngó ní ààfin Aláàfin. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tí àwọn tí ń bọ ọ́ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa lónìí, ọba ńlá ni lọ́dọ̀ wọn. Igbó Ọ̀ṣun tiwa ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń gé igi ibẹ̀, tí wọ́n ń pa ẹran inú rẹ̀, àwọn olùsìn díẹ̀ tí ó kù pẹ̀lú Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tí ó wá láti Ọ́síríà, ni wọ́n fi ara wọn jìn fún un. Ta ni nínú wa tí ó wá tó láti lọ ṣe alábòójútó ní ilé ẹlòmíràn? Kí ó jókòó, kí ó wò, kí ó sì gbọ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè nípa Òṣogbo, kí ó dá wọn lóhùn ní kíkún.

Ọmọ Awo Ọ̀ṣun

Bàbá, ẹ ṣeun. Ti ọlọ́pàá yẹn, n kò gbọ́ ọ rí. Ti orin, mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ, nítorí pé ohùn ni àṣẹ wà; ṣùgbọ́n mo gbà pé kì í ṣe àlejò tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ó yẹ kí a jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú àwọn àgbà wọn nígbà tí wọ́n bá wá ní oṣù Kẹjọ.

Ọmọ Alékúwodò

Ọkàn mi balẹ̀ gan-an, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pinnu pé ìparí oṣù Kìn-ín-ní ni n ó lọ, kí n lè wà níbẹ̀ fún ọdún Yemọja ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì. Salvador ni n ó dúró sí. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni èèyàn ti ń wọ ilé òrìṣà níbẹ̀? Kí ni mo sì lè mú lọ fún àwọn tí n ó bá pàdé? Ẹnìkan ti ní kí n gbé obì àti orógbó dání.

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Má ṣe gbé obì, má ṣe gbé orógbó, ewé tàbí oyin. Òfin ohun ọ̀gbìn wọn le ní pápákọ̀, wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè dá ọ dúró. Òótọ́ ni pé obì ilẹ̀ wa níyì púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn kan yóò fi bẹ̀ ọ́. Sọ fún wọn pé o kò ní ìwé àṣẹ. Aṣọ ni kí o kó: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìborùn aṣọ òkè. Kò wúwo, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn sí i nígbà tí o bá sọ fún un pé Òṣogbo ni wọ́n ti rẹ ẹ́ láró.

Ní ti ilé òrìṣà, má dá lọ. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ilé tí o dé sí pé ilé wo ni yóò ṣe ọdún tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, nítorí alẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, ìbòmíràn sì jìnnà sí ìgboro. Aṣọ funfun tàbí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò kígbe ni kí o wọ̀, kí ó bo orúnkún. Má wọ dúdú. Ní ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin ní ibi tí wọ́n ń jókòó sí, ọkùnrin ní tiwọn. Pa fóònù rẹ, nítorí wọn kì í jẹ́ kí a ya fọ́tò nígbà tí òrìṣà bá gùn. Bí gbogbo ènìyàn bá dìde, dìde. Wọn kò ní fi agbára mú ọ ṣe ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ kò gbà, bí o bá sì fẹ́ jáde, rọra jáde láàárín orin méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìwọ yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ó wọ funfun nítorí Ọbàtálá, àní àwọn tí kì í lọ sí ilé òrìṣà pàápàá. Bá wọn wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, tètè jáde lọ sí Rio Vermelho, kí ilẹ̀ tó mọ́ pàápàá. Àwọn apẹja àdúgbò náà ni wọ́n dá ọdún yìí sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, títí di òní ni wọ́n sì ń tò lórí ìlà láti gbé òdòdó àti lọ́fínńdà sínú agbọ̀n, tí ọkọ̀ ojú omi yóò kó lọ sójú agbami ní ọ̀sán. Òdòdó nìkan ni kí o mú. Wọ́n ti ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ju ike àti ìgò sínú òkun mọ́. Bí o bá sì ní ọjọ́ tí ó kù, wọ ọkọ̀ lọ sí Cachoeira, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Paraguaçu, kí o sì bi wọ́n léèrè ilé ẹgbẹ́ Boa Morte, ẹgbẹ́ àwọn àgbà obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n ń ṣe ọdún wọn ní oṣù Kẹjọ, nígbà kan náà tí àwa náà ń múra Ọ̀ṣun níhìn-ín.

Wá sí ìsọ̀ mi kí o yan àdìrẹ tí o ó kó lọ. Ọjọ́ Sátidé ni kí o wá, nítorí ìdí aró ni mo ń wà ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ Alékúwodò

Ẹ ṣeun, Màmá. Sátidé tí ń bọ̀ yìí ni n ó wá. Ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ sí Ìmígíréṣọ̀n, nítorí mo ti wo páásípọ́ọ̀tù mi, oṣù márùn-ún péré ni ó kù nínú rẹ̀.